Bí Mo Ṣe Fi Iyọ̀ Pa Ẹja Tó Yẹ Kó Yè

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ mi ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn. Ẹ má wulẹ̀ jiyàn mọ́. Èmi Díákónì Adéṣínà gan-an ni mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí mo dúró nínú omi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, tí àwọn tó fárí kodoro tò sẹ́yìn mi tí wọ́n ń kọrin. Mo gbọ́ pé fọ́tò ọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ yín kí bàálù mi tó balẹ̀. Àwọn kan ní mo ti di ẹlẹ́bọ. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti yí mi lórí. Ìyàwó mi pàápàá, òróró àdúrà ló kọ́kọ́ ta sí mi lórí kó tó gbé oúnjẹ síwájú mi.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìlú tí wọn kì í fẹsẹ̀ rìn

Ọmọ mi Bùkọ́lá ló ránṣẹ́ pè mí. Nọ́ọ̀sì ni, Lewisville ló ń gbé, ìlú kan tó fara ti Dallas. Ó ní kí n wá sinmi fún oṣù mẹ́ta. Ìsinmi kẹ̀! Ẹni tó ti ń jí torí ẹja láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ibo ló ti fẹ́ mọ ìsinmi? Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀ nínú ilé ọmọ náà, títí kan bàtà tí kò dọ̀tí.

Mo ní kí n jáde lọ nasẹ̀. Mo rìn fún ìdajì wákàtí, mi ò rí ẹnì kankan lójú títì. Ilé wà, koríko wà, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ ilé-ìwé, àmọ́ èèyàn dà? Mọ́tò mẹ́ta ló dúró tì mí. Ti àkọ́kọ́ bèèrè bóyá mo sọnù. Ti ìkejì bèèrè bóyá mọ́tò mi ló bàjẹ́. Ti ìkẹta, obìnrin àgbàlagbà kan, ó na omi inú ike sí mi látojú fèrèsé, ó ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi. Àṣé tálákà tí kò rí ibi lọ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Ara wọn yọ̀ mọ́ọ̀yàn o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí ẹ ò rí rí á rẹ́rìn-ín sí yín, á ní báwo ni nǹkan. Èmi náà á dúró dáadáa, màá ní a dúpẹ́, àfi orúnkún òsì yìí tó ń dùn mí láti àná. Kí n tó dé orí oorun tí mi ò sùn dáadáa, onítọ̀hún ti kọjá lọ! Kí ló wá ń bèèrè sí?

Ti oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ibí yìí. Bùkọ́lá mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja nínú ilé-ìtajà ńlá kan. Mo wò títí, mi ò rí ẹja. Nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan ni wọ́n tò sórí yìnyín, kò lórí, kò nírù, kò légungun. Mo ní irú ẹja wo nìyí. Ọmọ mi ní àrọ̀ ni. Àrọ̀! Àrọ̀ tí kò nírùngbọ̀n! Mo ní kó mú mi lọ sílé.

Ìyá Hoa

Aládùúgbò kan ṣoṣo ni mo rí bá sọ̀rọ̀. Ìyá Hoa ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilẹ̀ Vietnam ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ àti ti Bùkọ́lá jọ fara ti ara wọn ni, fẹ́ńsì onígi kan ló là wọ́n láàárín. Òyìnbó tirẹ̀ ò gún, tèmi náà wọ́, àmọ́ a máa ń gbọ́ ara wa ju bí mo ṣe ń gbọ́ àwọn onílùú lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ṣe bí ọmọ gidi. Àgbà ni, mo bá tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Àṣé àwọn náà máa ń tẹrí ba níbi tó ti wá. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba fún mi. Mo ní rárá o, èmi ni àbúrò, mo tẹ̀ sí i. Òun náà tẹ̀ sí i. Nígbà tí Bùkọ́lá fi máa jáde, àwa méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ọmọ náà ní, “Dádì, ó ti tó, ẹ̀yìn wọn ń dùn wọ́n.” Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́.

Ọkọ ìyá yìí wà ní ọsibítù. Ọkàn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ti dá Ọjọ́ Ẹtì pé àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń lọ kí i. Tó bá dé, á jókòó síwájú ilé, á kàn máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyẹn máa ń dùn mí gan-an. Mo gbàdúrà fún bàbá náà lórúkọ Jésù létí fẹ́ńsì. Ìyá ní ó ṣeun, ìyẹn náà dára, òun á fi kún ti òun.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i tí ilẹ̀kùn gáréèjì tó ń gbé mọ́tò sí ṣí sílẹ̀. Ìyá Hoa ń wọ́ kúlà ńlá kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sáré lọ bá a. Mo wo inú kúlà, inú mi dùn débi pé mo pariwo. Àrọ̀ mẹ́fà, aláàyè, sísanra, pẹ̀lú irùngbọ̀n pípé! Ó tilẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Mo fẹ́ bèèrè ibi tó ti rí wọn ni fóònù rẹ̀ dún. Ọsibítù ni. Ó fọwọ́ sọ fún mi pé òun ń bọ̀, ó wọlé.

Ẹ bá mi rò ó. Ìyá tó ju ọgọ́rin ọdún lọ, ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹja mẹ́fà wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Èmi ẹlẹ́ja wá dúró, apá mi ò rọ. Ṣé kí n máa wòran ni? Ta ló bí mi bẹ́ẹ̀? Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, tí o bá rí àgbà nídìí iṣẹ́, o ò ní bèèrè, gbígbà lo máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sáré wọ ilé Bùkọ́lá, mo gbé iyọ̀, mo gbé ọ̀bẹ, mo gbé abọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo da iyọ̀ bo àkọ́kọ́, ó jà, ó jà, ó dákẹ́. Mo la inú rẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Ìkejì, ìkẹta. Ọwọ́ mi yá, mo ń súfèé. Nígbà tí mo dé orí ìkarùn-ún, orí mi tún wú, mo ní kí n ṣe é láṣekún. Mo bá ká wọn rìbìtì, mo fi igi ìtayín gún ìrù mọ́ ẹnu, bí ìgbà tí a bá fẹ́ yan wọ́n. Wọ́n rẹwà. Mi ò tíì rí ẹja tí wọ́n ká dáa tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Ìkẹfà ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó fò jáde, ó yọ̀ lọ sábẹ́ mọ́tò. Mo dojú délẹ̀, mo na ìgbálẹ̀ tọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Hoa bá mi. Ó rò pé mo ṣubú. Ó sáré wá, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ṣé kò ṣe ọ́ nǹkan kan?” Lẹ́yìn náà ló rí abọ́.

Kò pariwo. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá mọ èsì tí màá fún un. Ó kàn lóṣòó síwájú abọ́ náà, ó ń fọwọ́ kan orí ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì, omijé ń já bọ́ sórí ẹja tí mo ká rìbìtì. Èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, àmọ́ mo mọ̀ pé mo ti ṣe é.

Kò bá mi wí. Ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun mú èyí tó wà lábẹ́ mọ́tò padà sínú omi. Mo mú un, mo rọra dá a padà. Ó mí, ó lọ fara pamọ́ sígun kúlà, kò jẹ́ wo ojú mi.

Bùkọ́lá ló la ọ̀rọ̀ yé mi nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó wo abọ́, ó wo ìyá, ó dáwọ́ lé orí. “Dádì! Kí lẹ ṣe? Ẹja ìdásílẹ̀ ni!” Ó ní ẹlẹ́sìn Búdà ni Ìyá Hoa. Nínú ẹ̀sìn wọn, èèyàn á lọ gba ẹ̀mí tí wọ́n fẹ́ pa, ẹja ni o, ẹyẹ ni o, á tú u sílẹ̀ nítorí àánú, wọ́n sì gbà pé ire tó bá ti ibẹ̀ wá lè kan ẹni tó ń ṣàìsàn lára. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí ọkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ tú wọn sílẹ̀, kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì tó mọ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ jà. Mo ní ṣé ẹja kọ́ ni Ọlọ́run dá fún jíjẹ ni? Ọmọ mi kàn fi ojú fi ìyá náà hàn mí. Ìyá ń nu ilẹ̀ tí mo fi ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́. Ó ń nu ún jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ìyá náà fẹ́ tẹrí ba bó ṣe máa ń ṣe, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ti òní yìí, tèmi nìkan ni.” Mo ní màá wá márùn-ún dípò márùn-ún, kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn tó ti kú ṣòfò, kí n gbé wọn lọ jẹ. Bùkọ́lá fi wọ́n se ọbẹ̀ ata. Ó jẹ ẹ́, ó la abọ́. Èmi gbé ṣíbí dé ẹnu, mo tún dá a padà sínú abọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ má pa á!

Ní Ọjọ́rú, Bùkọ́lá gbàyè níbi iṣẹ́, a gba títì márosẹ̀ lọ sí Irving, sí ọjà àwọn ará Éṣíà. Níbẹ̀, mo rí ẹja aláàyè nínú àpótí onígíláàsì, inú mi dùn. Mo nàka sí márùn-ún. Ọkùnrin tó ń ta á fi àwọ̀n gbé àkọ́kọ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí pátákó, ó gbé kùmọ̀ sókè.

“Ẹ má pa á!” Bí mo ṣe ké nìyẹn. Gbogbo ọjà ló yíjú wò mí. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin náà ní òfin ibẹ̀ ni pé ẹja aláàyè kì í jáde, òun gbọ́dọ̀ pa á kí òun tó dì í fún oníbàárà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé kò lè ṣàánú ni? Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, “Bàbá, ẹja ni.” Irú ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ lánàá!

Ìyá Hoa ló wá júwe oko ẹja tó ti ra tirẹ̀ fún wa lórí fóònù, ọ̀nà rẹ̀ jìn lápá àríwá. Òyìnbó kan ló ni oko náà, Rọ́bù ni wọ́n ń pè é, fìlà rẹ̀ gbòòrò bí atẹ, bàtà rẹ̀ gùn dé orúnkún. Bí mo ṣe sọ fún un pé ẹlẹ́ja lèmi náà, ọ̀rọ̀ di tẹbítará. Ó mú mi yí gbogbo póńdù rẹ̀ ká. Ó bèèrè ohun tí a fi ń bọ́ tiwa, mo sọ fún un. Mo gbóòórùn omi póńdù kan, mo ní èyí ti fẹ́ bàjẹ́, ó ní òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun láti ọjọ́ Ajé. A di ọwọ́ ara wa mú. Ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti jẹ́ àlejò ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn tó ti gbé ẹja márùn-ún fún mi, ó bèèrè bí màá ṣe sè wọ́n. Mo ní mi ò sè wọ́n, mo fẹ́ lọ tú wọn sínú omi ni.

Ó tún fìlà ṣe. “Láti Lewisville lẹ ti wá ra ẹja, kí ẹ lè lọ dà á sómi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó nàka sí póńdù rẹ̀. “Omi wà níbí o, sà.”

Létí adágún

Bùkọ́lá kò lè bá wa lọ ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ti dé. Ó kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé, “Dádì, ẹ ṣọ́ra o. Tí ará ìjọ wa bá rí yín létí omi pẹ̀lú nǹkan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹbọ ni wọ́n máa sọ pé ẹ gbé.” Mo ní ta ni yóò rí mi, ìlú tí kò sẹ́ni tó ń rìn.

Àwọn ará tẹ́ḿpìlì Ìyá Hoa ló fi mọ́tò gbé wa lọ sétí adágún. Wọ́n ní àwọn kì í kàn ṣe é bó ṣe wù wọ́n, àwọn ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ adágún, irú ẹja tó ti wà nínú omi yẹn tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè tú sí i. Àwọn àlùfáà wọn tó fárí, tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, ló ṣáájú orin. Nígbà tí wọ́n kọrin tán, ọkùnrin méjì gbé kúlà, wọ́n fẹ́ dojú rẹ̀ dé sínú adágún.

Mo tún ké. Ọ̀sẹ̀ náà, igbe ni mo fi ṣe. Mo ní kí wọ́n dúró! Omi inú kúlà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti adágún tutù. Ẹ̀yin mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹja tí ẹ bá sọ sínú rẹ̀ lójijì. Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà ní, “Lọ́dún tó kọjá, púpọ̀ nínú wọn léfòó. A rò pé ìbànújẹ́ ló pa wọ́n.” Mo ní ìbànújẹ́ kọ́, òtútù ni.

Mo ká ṣòkòtò, mo wọ omi. Mo ń fi abọ́ bu omi adágún sínú kúlà, díẹ̀, díẹ̀, kí ara ẹja lè mọ̀ ọ́n. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló gbà. Gbogbo wọn tò sẹ́yìn mi, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ wò ó, mo ti pa ẹja tí mi ò lè kà mọ́, kò sí èyí tí mo bẹ̀ rí pé kó jọ̀ọ́ kó mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ohùn Yorùbá lẹ́yìn mi. “Háà! Dádì Bùkọ́lá!” Sístà kan láti ìjọ Bùkọ́lá ní Irving ni, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá ṣeré. Ó wo abọ́ ọwọ́ mi, ó wo àwọn tó fárí. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, aládùúgbò wa ni mo ń ràn lọ́wọ́.” Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Àwọn ọmọ rẹ̀ ní “Mommy, look, fish!” Ó kó wọn, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ, fóònù rẹ̀ sì dojú kọ mí. Fọ́tò tí ẹ rí nìyẹn.

A tú márùn-ún sílẹ̀, wọ́n lọ. Ó ku ìkẹfà, èyí tó sá sábẹ́ mọ́tò. Ìyá Hoa ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ìwọ tú u. Ó mọ̀ ọ́.” Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, mo rọra rì í sómi. Kò lọ. Ó dúró sọ́wọ́ mi, ó ń mí, irùngbọ̀n rẹ̀ ń kan ìka mi. Ọwọ́ tó da iyọ̀ bo àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni o. Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú. Mo ní, “Máa lọ, má bínú.” Ó na ìrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lọ.

Ohun tí bàbá náà bèèrè

Ní Ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Ìyá Hoa jókòó síwájú ilé, òun ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, èmi ń gba àdúrà tèmi lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹun. Nígbà tí fóònù dún, ó gbà á, ó gbọ́, ó sì di ọwọ́ mi mú, ó ń fi orí sọ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ti jí. Mo fò sókè, orúnkún òsì ò dùn mí lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n gbé e wálé. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ mú. Ó dúró de ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó wá pè mí sétí fẹ́ńsì.

“Ṣé ìwọ lo pa ẹja mi?”

Mo wólẹ̀. Mo ní èmi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ó wẹ̀yìn wò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Báwo ni wọ́n ṣe dùn tó?”

Àṣé Ìyá Hoa ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un pé fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ẹran tàbí ẹja kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tó dì, tí wọ́n wá gé bí ẹja, ni obìnrin náà ń sè fún un. Mo sọ fún un pé mi ò lè jẹ níbẹ̀, ọmọ mi ló jẹ ẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó yẹ kí ẹnì kan ti jẹ ẹ́ fún mi.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú, èmi sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ojú abẹ ya, kí wọ́n má bàa tún sọ pé èmi ni.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀

Mo ti padà sílé báyìí, ẹ ti rí mi. Mo ṣì ń pa ẹja, ohun tí mo fi ń jẹun ni. Àmọ́ ní àná, Ìyá Hoa pè mí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ọkàn bàbá náà tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa tún ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ò gbé e dé adágún mọ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé omi wà lọ́dọ̀ yín?”

Mo ní omi wà, ìyá. Ọ̀sà ló yí wa ká.

Mo ti ṣa mẹ́fà sọ́tọ̀ nínú póńdù mi, àwọn tó sanra jù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, màá gbé wọn lọ sétí ọ̀sà, èmi Díákónì, ní ojúmọmọ. Bàbá yẹn kò tíì jẹ ọbẹ̀ ata ẹja tó ń wù ú, mi ò fẹ́ kó kú. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò kó wá yà á dáadáa, kó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání, kó bá mi bu omi. Gbogbo yín lẹ lè wá.

Ẹ má ṣáà mú iyọ̀ dání.